Sányán Lára Ògiri

Lẹ́tà pupa yẹn tún yọ. Ìgbà kẹta nìyẹn tí pẹ́ńtà wa yóò fi rólà gba orí rẹ̀ kọjá, tí ògiri yóò gbẹ, tí a ó sì tún máa rí i kà bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ ọ́ síwájú ilé bàbá wa lọ́dún tí bàbá wa dolóògbé, nígbà tí a gbọ́ pé àwọn kan tí a kò mọ̀ rí ti ń mú ẹni tó fẹ́ ra ilé wá wò ó. Ọ̀dà elépo pupa tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun géètì ló fi kọ ọ́. Ọ̀dà olómi la sì fẹ́ fi bò ó. Pẹ́ńtà mi orí, ó ní, "Àǹtí, pupa yìí ò ní gbà o. Bí ẹ bá bò ó nígbà mẹ́wàá, á tún gòkè wá."

Ọdún 2017 nìyẹn. Èmi ni mo yan àwọ̀ tí a ń kùn lé e lórí, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe yàn án, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń yan ọ̀dà ilé. Orí fóònù ni mo ti rí i. Ilé tuntun kan ni, òrùlé rẹ̀ dúdú, koríko tútù ló yí i ká, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù. Ó wù mí gan-an. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí a ṣe ìrántí ọdún kan bàbá wa. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ọ̀dà, ó pò ó, wọ́n gbé rọ́bà lítà 20 mẹ́fà wá, a kun ilé. Àlejò dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ní ilé dára. N kò bi ilé fúnra rẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kò jìnnà sí Òjé ní Ìbàdàn. Bàbá bàbá mi ló fi owó kòkó kọ́ ọ ní 1954. Irú ilé tí ẹ máa ń rí kiri Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Iléṣà ni, tí ìran rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà wá, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́. Òpó mẹ́rin ló gbé bákónì iwájú ró. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ló yí ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká, èyí tó wà lókè lápá òsì sì ti já ní ewé kan. Páànù àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀, ó ti dógùn-ún títí ó fi ní àwọ̀ obì tó gbó. Ilẹ̀ iwájú ilé pupa fòò. Igi máńgòrò kan wà lápá àríwá tó dàgbà jù mí lọ. Ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ilé kọjú sí.

Ẹ wá gbé lẹ́mọ́ọ̀nù sáàárín gbogbo ìyẹn.

Òjò àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Omi tó ń já láti orí páànù ń gbá ilẹ̀, ilẹ̀ pupa ń ta sára ògiri dé orúnkún àgbàlagbà, gbogbo ìsàlẹ̀ ilé sì dà bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ aṣọ ìyàwó. Lábẹ́ máńgòrò, níbi tí oòrùn kì í pẹ́ sí, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó ń yọ̀ bí etí kànga. Iwájú tó ń gba oòrùn láti ọ̀sán títí dalẹ́ ní tirẹ̀ ń ṣá. Nígbà tó fi máa di 2019, ohun tó kù níbẹ̀ jọ omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ewédú. Òrùlé ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, wá pọ́n ju bó ṣe wà lọ, nítorí pé àwọ̀ tó dúró tì í ló ń tú u fó. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí a máa pààrọ̀ páànù. Páànù náà kò jò rárá.

Ti Ìyá Òdìkejì ló dùn mí jù. Bí a ṣe ń pè wọ́n láti kékeré nìyẹn, torí bákónì wọn àti tiwa dojú kọ ara wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbé àga síta, wọ́n á kọjú sí ilé wa, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí tàbí kí wọ́n kàn máa wo èrò. Lẹ́yìn tí a kun ilé tán, mo ṣàkíyèsí pé wọ́n ti yí àga padà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí wa. Mo rò pé a ṣẹ̀ wọ́n. Mo lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n bóyá a ṣe ohun tí kò tọ́ nígbà ìnáwó.

Wọ́n ní, "Ìbínú kọ́, ọmọ mi. Ilé yín ló ń ta mí lójú."

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ́ sára ògiri wa ló ń ti ibẹ̀ fò padà lọ bá wọn nínú àga wọn. Àwa tí a ni ilé, inú ilé la wà, ògiri inú là ń wò. Àwọn gan-an ló ń rí ìta rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọdún mẹ́fà kọjá kí a tó tún rówó. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, àwa ọmọ dá owó jọ, ọ̀rọ̀ àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Àbúrò mi tó wà ní Houston fi fọ́tò mọ́kànlá ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ àwọ̀ eérú àti funfun, férémù fèrèsé dúdú. Irú rẹ̀ ló kún Lẹ́kì báyìí. N kò bú àwọ̀ eérú o. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta ti ń yọrí láàárín ilé láti ìdí Olúmọ kiri, mo ti rí ilé kan tí wọ́n kùn bẹ́ẹ̀ tó jọ pé ara àpáta ni wọ́n ti gé e jáde, mo dúró wò ó títí. Ṣùgbọ́n eruku àdúgbò wa pupa. Bí ó bá bà lé eérú, ìdọ̀tí ni gbogbo ayé máa pè é. Àbúrò mi sì tún fẹ́ kí eérú náà ṣú dáadáa. Mo lọ sí ibì kan ládùúgbò tí wọ́n ti kun fẹ́ǹsì ní àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. N kò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ká tó ka ẹyọ kan dé mẹ́wàá. Àwọ̀ tó ṣú ń mu oòrùn sára ni, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ń tì í padà. Yàrá Màmá wa ló wà lẹ́yìn ògiri iwájú wa lókè. N kò lè fi wọ́n síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. A ń jà lórí fọ́tò kan báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ní kírímù ni, àbúrò mi ní funfun ni, èmi rí i bíi pínkì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wálé, a gbé fóònù wa kọ ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Olúkúlùkù ń sọ òótọ́ ohun tó wà lójú fóònù tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo lọ bẹ Ìyá Òdìkejì pé kí wọ́n fún mi láyè lórí bákónì wọn. Mo jókòó síbẹ̀ láti agogo méje òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tèmi ti ìwé àti bírò. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń wọ ilé bàbá mi tí mo ń jáde, n kò wò ó tó bẹ́ẹ̀ rí. Láàárọ̀, oòrùn wà lẹ́yìn ilé, iwájú rẹ̀ wà nínú òjìji ara rẹ̀, gbogbo àwọ̀ tutù, ó jọ pé wọ́n fi aró díẹ̀ kàn án. Lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ fọ gbogbo rẹ̀ funfun, òdòdó ara fèrèsé kò tilẹ̀ hàn mọ́. Láti agogo mẹ́rin ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́fà lù, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi epo pupa pa gbogbo àdúgbò lára, àwọn òpó mẹ́rin yẹn sì da òjìji gígùn sára ilẹ̀kùn. Àwọ̀ tí mo bá máa yàn gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo wákàtí yìí kọjá. Mo ti yan lẹ́mọ́ọ̀nù ní agogo mọ́kànlá òru, lábẹ́ gílóòbù.

Mo wá kọ ohun tí ilé ti wọ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Òrùlé, àwọ̀ obì. Ilẹ̀, pupa. Ewé máńgòrò, dúdú tó ń dán. Ilé apá ọ̀tún, sìmẹ́ńtì lásán tí òjò ti pa. Ilé apá òsì, kírímù àti búráùn tó ti pẹ́. Kò sí èyí tí mo lè pààrọ̀ nínú wọn, wọn kò sì sí nínú ìwé àwọ̀ tí àwọn ọlọ́dà ń pín. Ilé ti dé fìlà, ó ti wọ bàtà. Ẹ̀wù nìkan ló ń retí lọ́wọ́ wa. Ta ló máa rí ẹni tó dé fìlà aláwọ̀ obì, tí yóò wá gbé bùbá lẹ́mọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́?

Nígbà tí mo sọ èyí fún pẹ́ńtà, ó kàn bi mí ní ìbéèrè kan: "Ṣé inú pupa lẹ ń lọ ni, àbí inú funfun?" Ìbéèrè yẹn wúlò fún mi ju ìwé àwọ̀ lọ. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé àwọ̀ kò tó nínú èdè Yorùbá, pé funfun, pupa àti dúdú nìkan la ní. Ìdílé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo. Pupa ni epo, pupa ni osùn, pupa ni iyeyè tó pọ́n, inú ẹyin náà, pupa ẹyin là ń pè é. Dúdú gba aró, ó gba ewé tó gbó, ó gba ojú ọ̀run tó ṣú. Àwọ̀ ilé àti àwọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè é: ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ pupa, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, a mọ̀ pé kò sí ẹni tó pupa bí osùn nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ìdílé tí òrùlé àti ilẹ̀ òun ti wá, ó ti mọ ibi tí yóò ti wá ìyàwó fún ògiri. Fìlà àti bàtà ilé wa wá látinú pupa. Àwọ̀ tí a ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbátan wọn, kí ó sì fẹ́ẹ́rẹ́ tó láti jẹ́ kí yàrá Màmá tutù.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni pẹ́ńtà wa ti kọ́ṣẹ́, ó sì mọ èyí tó ń ṣá àti èyí tí kì í tètè ṣá. Àwọ̀ tó ti inú ilẹ̀ wá ló ń pẹ́: pupa bíi ti erùpẹ̀, iyeyè bíi ti amọ̀, búráùn. Ohun tó ń fún wọn ní àwọ̀ ni ìpẹtà irin, ohun tó bá sì ti dógùn-ún tán, oòrùn kò rí púpọ̀ ṣe fún un mọ́. Ọ̀pọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù, pínkì àti pupa roro tó wà nínú ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú, oòrùn ń fọ́ èròjà wọn ni, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, àwọn obìnrin tó ń ya ara ògiri ojúbọ Ọ̀rìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tí ilẹ̀ àti igi fún wọn ni wọ́n fi ń ya á, bí ọdún bá sì yí po, wọ́n á tún un yà. Wọn kò retí kí àwọ̀ dúró láéláé. Wọ́n ń padà sí i ni. Àwa ń kun ilé lẹ́ẹ̀kan, a ń gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, a sì ń bínú sí ọlọ́dà.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra àwọ̀ tó ń tàn. Mo ti dúró níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, tí àwọn Àgùdà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1912. Ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil láti òkè dé ilẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi ló wà lára rẹ̀, n kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Salvador ní Brazil, aláwọ̀ ojú ọ̀run, aláwọ̀ iyeyè àti alápínkì ló ń dúró ti ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó dé òpin. Ṣùgbọ́n gbogbo òpópó yẹn jọ wọ ẹgbẹ́jọdá ni. Ẹni tó bá dá aṣọ yẹn wọ láàárín àwọn tó wọ kíjìpá, ojú á tì í fún ara rẹ̀.

A ra gálọ́ọ̀nù kékeré mẹ́ta. Pẹ́ńtà pò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kun mítà kan níbùú àti lóòró sí iwájú, ó tún kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ àríwá. A fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kunlé nímọ̀ràn pé kí ó ṣe é, kódà bí owó bá há. Àwọ̀ tó wà nínú ìwé kò ju èékánná méjì lọ, tí ó bá dé ara ògiri, ìmọ́lẹ̀ ìta á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ó sì sábà máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Èyí àkọ́kọ́ tó jọ búrẹ́dì nínú ìwé di ògì funfun lórí ògiri wa. Èkejì dára títí di agogo márùn-ún, lẹ́yìn náà ló wá di pínkì, nítorí pé pupa tó wà nínú rẹ̀ àti pupa ìrọ̀lẹ́ pàdé. Ẹ̀kẹta la fẹ́ràn, àmọ́ ó ṣe bí ẹni pé ara rẹ̀ kò yá.

Màmá kò dá sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n gbé nǹkan kan dání nínú àpò ọ̀rá. Ìró sányán tí bàbá wa rà fún wọn ní ọjà Òjé ni, nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ kẹta, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú síbẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀. Mo sún mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Láti òkèèrè, àwọ̀ kan ni sányán, àwọ̀ iyanrìn odò tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀. Ní ìsúnmọ́, kò sí okùn méjì tó jọra. Ọ̀kan mọ́, èkejì ṣú díẹ̀, òmíràn ń dán fírífírí bí irun ọmọ tuntun, torí pé ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń fa òwú sányán gidi, a kì í fi aró pa á. Òun ni àwọ̀ tí ilẹ̀ ń fún ẹni tí kò fi ipá béèrè. Mo gbójú sókè wo òrùlé, mo wo ilẹ̀, mo tún wo aṣọ. Ara mi balẹ̀.

Màmá ní, "Sányán ni baba aṣọ. Bàbá yín ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́."

Pẹ́ńtà kò fi iṣẹ́ ṣeré lọ́jọ́ kejì. Ó da ọ̀dà funfun sínú dúrọ́ọ̀mù, ó fi iyeyè ilẹ̀ sí i, ó fi pupa díẹ̀ sí i, ó rò ó títí. Àwọ̀ náà gbóná jù. Ó wá mú dúdú, kò ju ìdérí ìgò kan lọ, ó ta á sí i ní ìkán-ìkán. Ó ní, "Dúdú ló ń mú kí àwọ̀ dákẹ́." Ó kun díẹ̀ sára pákó, ó gbé e sóòrùn, a sì dúró kí ó gbẹ, torí ọ̀dà olómi tútù máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ ju bí yóò ṣe rí nígbà tó bá gbẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí Màmá tó mi orí pé ó tó. Inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ló ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí rọ́bà kan má bàa yàtọ̀ sí èkejì lójú ògiri.

Lẹ́yìn tí sányán ti jókòó, ìyókù kò le mọ́. Ìsàlẹ̀ ilé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láti ilẹ̀, a fún un ní pupa tó ṣú, ìbátan àlàárì àti ti erùpẹ̀ iwájú ilé, kí òjò lè máa ta ohun tó bá wù ú sí i. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé gba àwọ̀ ẹtù, aró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Òpó àti òdòdó sìmẹ́ńtì gba funfun bíi ti efun, tí kò mọ́ gaara, torí funfun gaara ni yóò tún lọ ta Ìyá Òdìkejì lójú. Ó yà mí lẹ́nu bí òdòdó wọ̀nyẹn ṣe yọ. A ti fi àwọ̀ kan ṣoṣo bò wọ́n mọ́ ògiri láti ọdún pípẹ́, ọmọ mi sì bi mí bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n síbẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tó ṣáájú ọ̀dà ló gba àkókò jù. A gé ẹ̀ka máńgòrò tó fara kan ògiri, a fi omi búlíìṣì fọ ibi tó bu, a jẹ́ kí ó gbẹ dénú. Ibi tí wọ́n tún rẹ́, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28, nítorí sìmẹ́ńtì tuntun ń ta bí ata, ó ń jẹ ọ̀dà. Lórí ilé tó pẹ́ bíi tiwa, ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé (lead) nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, nítorí náà omi la fi ń rin ibi tí wọ́n fẹ́ ha kí ó má bàa di eruku, a sì kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ní ti lẹ́tà pupa, wọ́n ha á, wọ́n fi ọ̀dà elépo funfun dì í pa kí wọ́n tó gbé ọ̀dà olómi lé e. Kò yọ mọ́. Ìparí oṣù kọkànlá ni a kùn ún, nígbà tí òjò ti lọ, tí ọyẹ́ kò sì tíì mú eruku rẹ̀ dé.

Nígbà tí ó parí, ẹ̀gbọ́n mi gbé àkàbà wá láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Inú mi bà jẹ́. Mo ní ta ló máa rí ilé tí wọ́n tọ́jú báyìí tí yóò rò pé kò ní ẹni tó ni ín? Ó ní irú ilé tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń jí tà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀ títí, a ò wo ara wa lójú, títí Màmá fi sọ̀rọ̀ láti òkè.

"Jẹ́ kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má fi pupa kọ ọ́."

Wọ́n pe ẹni tó ń kọ sáìńbọ́ọ̀dù. Orí àtẹ́rígbà ló kọ ọ́ sí, lórí funfun, ó fi àwọ̀ ẹtù tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn á kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ń gbá iwájú ilé nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àga tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì lókè. Mo gbójú sókè. Ìyá Òdìkejì ti jókòó, igbá ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọjú sí.